Àwọn tí ìgbọ́ràn ná ní nǹkan, ìgbà wo làwọn náà máa jẹ́rìí?

Olóòtú, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun tẹ́ ẹ ń ṣe lórí èdè wa. Mi ò kì í sábà kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, kíkà ni mo máa ń kà á lọ́sàn-án tí èrò ọjà bá ti dín kù, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí arákùnrin kan kọ sí abala lẹ́tà yìí láìpẹ́ wọ̀ mí lára débi pé mi ò lè dákẹ́. Ó ní nínú Nàìjíríà tá a wà yìí, Kristẹni tó bá ní gbogbo ohun tí Bíbélì sọ lòun máa tẹ̀ lé, ebi ló máa pa á, pé Ọlọ́run mọ ọkàn, pé kéèyàn kọ́kọ́ rówó ná kó tó máa wá ṣòdodo. Mo ka lẹ́tà yẹn mo tún un kà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn burúkú, ọ̀rọ̀ ẹni tó ti rẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ bá a jà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àwa ìjọ gan-an la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, tá ò bá sì tún bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn ṣe, ohun táwọn ọmọ wa ní gbogbo Èkìtì kete máa sọ lọ́la á burú ju èyí tó sọ lọ.

Ẹ wo àkókò ẹ̀rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹni tó bá gba máíkì á ní ẹ bá òun yin Olúwa, á ní wọ́n fi ẹ̀gúnjẹ lọ òun ní ofíìsì, òun kọ̀ ọ́, ọ̀gá bínú, ó sì halẹ̀ mọ́ òun, ṣùgbọ́n kó tó di ìparí oṣù wọ́n ti gbé ọ̀gá yẹn kúrò, òun ni wọ́n sì fi sípò ẹ̀. Gbogbo ìjọ á pariwo halelúyà, ìlù á dún, a óò jó. Mi ò sọ pé irọ́ ni o, Ọlọ́run ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti fojú mi rí i. Àmọ́ ẹni tó kọ ẹ̀gúnjẹ tiẹ̀ tí wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́, tó ti di ọdún kan, ọdún méjì, tí kò tíì rí òmíràn, ṣé ẹ ti rí i kó dìde gba máíkì rí? Kò lè dìde. Kí ló fẹ́ sọ? Tó bá dé ibi tí wọ́n ti lé e, ẹ̀rí tán nìyẹn, kò sí ibi tí ìjọ ti máa pariwo. Torí náà á jókòó sẹ́yìn, á máa pàtẹ́wọ́ fẹ́ni tí tiẹ̀ yọrí sí rere, á máa rò ó lọ́kàn pé bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí òun ò tíì jẹ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níjokòó ńkọ́, ohun tí wọ́n gbọ́ kó lọ sílé ni pé ìgbọ́ràn dà bí àjọ tá à ń dá, tó o bá ti dá a pé wàá kó o. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá wá dá a tí kò rí nǹkan kan kó, á ní alájọ ti sá lọ. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni "Ọlọ́run mọ ọkàn" ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn aláìgbàgbọ́.

Bíbélì tí èmi ń kà látìgbà ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kò sọ ọ́ báyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò, torí gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Wọ́n sọ fún ọba pé Ọlọ́run táwọn ń sìn lè gba àwọn nínú iná ìléru, wọ́n wá fi gbólóhùn kan kún un pé "ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀ kọ́", pé bí kò bá tiẹ̀ gba àwọn, àwọn ò ní sin ère wúrà yẹn. Wọ́n ti sọ "bí bẹ́ẹ̀ kọ́" kí wọ́n tó wọ iná, kí ẹnikẹ́ni tó rí ẹni kẹrin tó ń rìn pẹ̀lú wọn. Kò sí wòlíì kankan tó ti wá sọ fún wọn pé wọn ò ní jóná. Ẹni kẹrin yẹn la fi ń wàásù jù, a máa ń sáré kọjá bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ wọn wà.

Èyí tí mi ò tiẹ̀ rántí ìgbà tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn lórí pẹpẹ ni ti Nábótì ará Jésírẹ́ẹ́lì, ó wà nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 21. Ọgbà àjàrà ọkùnrin yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Áhábù, ọba fẹ́ fi ṣe ọgbà ẹ̀fọ́. Ẹ wò ó dáadáa, ọba kò kọ́kọ́ fi tipátipá gbà á o. Ó ní òun máa fún un ní ọgbà mìíràn tó dáa ju tiẹ̀ lọ, tàbí kó gba owó iye tó tọ́. Èmi ọlọ́jà ni mo ń sọ ọ́, òwò tó dáa ni. Ọba ni aládùúgbò rẹ, ọba ló ń bẹ̀ ọ́, owó gidi ló sì fẹ́ san, ta ló máa kọ̀? Ṣùgbọ́n òfin Mósè ní wọn ò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ títí láé, ogún ẹ̀yà kan ò sì gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀yà mìíràn, ó wà nínú Léfítíkù orí 25 àti Númérì orí 36. Nábótì ní kí Olúwa má jẹ́ kí òun fi ogún baba òun fún un. Ó tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí ní Adó yìí, bí mọ̀lẹ́bí ṣe ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, ẹni mẹ́ta, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ò rọrùn.

Kí ló wá jẹ lérè? Jésíbẹ́lì kọ ìwé lórúkọ ọba, ó fi òǹtẹ̀ ọba lù ú, ó ní kí àwọn àgbààgbà ìlú kéde ààwẹ̀. Ààwẹ̀ o! Ìjọsìn ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé Nábótì sókè láàárín àwọn èèyàn, wọ́n gbé èèyàn burúkú méjì dìde kí wọ́n jẹ́rìí èké mọ́ ọn, wọ́n sì sọ ọ́ lókùúta pa. Tẹ́ ẹ bá dé Àwọn Ọba Kejì orí 9, ẹ máa rí i pé àwọn ọmọ ẹ̀ náà bá a lọ. Lóòótọ́ Èlíjà wá, Ọlọ́run dájọ́ Áhábù àti Jésíbẹ́lì, àmọ́ Nábótì ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó dá ọgbà àjàrà padà fún un. Tá a bá ní kó wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí la fẹ́ kó sọ? Síbẹ̀ Ọlọ́run kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé Rẹ̀. Jòhánù Onítẹ̀bọmi náà ńkọ́, ẹni tó sọ fún Hẹ́rọ́dù pé kò tọ́ fún un láti fẹ́ ìyàwó arákùnrin rẹ̀, nínú àwo ni orí ẹ̀ wà nígbà tọ́rọ̀ parí.

Kódà ìlérí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún tá a máa ń kígbe lé lórí yẹn, ẹ lọ ka Máàkù orí 10 dáadáa. Jésù ka ilé, ó ka arákùnrin, ó ka ìyá, ó ka ilẹ̀, ó wá fi kún un "pẹ̀lú inúnibíni". A máa ń dúró níbi ilẹ̀. Hébérù orí 11 náà, apá kan la mọ̀ sórí, àwọn tó dí kìnnìún lẹ́nu, àwọn tó lé ogun sá, a kì í ka àwọn tí wọ́n fi ayùn rẹ́ sí méjì, tí wọ́n ń fi awọ àgùntàn bora kiri, bẹ́ẹ̀ orí kan náà ni, ìgbàgbọ́ kan náà sì ni.

Àwa tá a wà ní Èkìtì ò tiẹ̀ ní àwáwí kankan, torí ìtàn yẹn wà lẹ́bàá ilé wa. Ìyá tó bí ìyá mi, ará Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni, ìlú tí sàréè Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà títí dòní. Ohun táwọn èèyàn ń bá lọ síbẹ̀ ni agbára àdúrà, omi ìyè, iṣẹ́ ìyanu, mi ò sì bá wọn wí, mo ti lọ gbàdúrà níbẹ̀ fúnra mi. Àmọ́ ẹ rántí ohun tó ná ọkùnrin yẹn. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó ń wa ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, lábẹ́ òyìnbó, ní 1928, nígbà tí iṣẹ́ ìjọba jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo ẹbí fi ń yangàn. Lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, níbi tó ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe, ló ti gbọ́ ìpè, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ẹ fojú inú wo bí àwọn ará ilé ẹ̀ á ṣe sọ̀rọ̀, ẹ fojú inú wo ọmọ yín kan tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lónìí. Ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní 1930, ó dé Ẹ̀fọ̀n lọ́dún yẹn kan náà, Aláàyè ìgbà náà, Ọba Aládéjàrẹ Agúnsóyè, di onígbàgbọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Solomon. Gbogbo ìyẹn la ń sọ. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, ní 1932, wọ́n ju Babalọlá yìí kan náà sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ìwàásù ẹ̀, ìyẹn la kì í sọ. Ìgbà tó lọ sẹ́wọ̀n, ṣé ó ti kúrò lábẹ́ ìfẹ́ Ọlọ́run ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjà díẹ̀, torí òun ni mo mọ̀ jù. Ẹ̀wà, gàárì àti ìrẹsì ni mo ń tà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Ẹni tó bá ń ra oúnjẹ ní kóńgò kóńgò mọ̀ pé kóńgò ò dọ́gba. Àwọn kan á gbé e lọ bá ẹni tó máa lu ìdí ẹ̀ wọnú fún wọn, àwọn mìíràn á yọ́ àbẹ́là sísàlẹ̀ ẹ̀ kó le gbagidi, ẹ ò ní mọ̀ tẹ́ ẹ bá wò ó lókèèrè. Àpò ẹ̀wà kan náà tí èmi pẹ̀lú ẹnì kejì jọ rà níbi tí ọkọ̀ ti já ẹrù, tèmi á ti tán, tiẹ̀ á ṣì ku kóńgò mélòó kan nílẹ̀. Torí ẹ̀ ló ṣe lè ta kóńgò tiẹ̀ ní owó tó dín sí tèmi, kó sì tún jèrè jù mí lọ. Oníbàárà á dé, á ní "Màmá, kóńgò yín ti wọ́n jù, wọ́n ń tà á ní iye báyìí lọ́hùn-ún," á sì lọ. Ẹ ò lè máa sáré tẹ̀ lé e kẹ́ ẹ máa ṣàlàyé ìdí kóńgò ẹlòmíràn fún un, ìjà ló máa dà. Deutarónómì orí 25 ní kí n má ṣe ní ìwọ̀n ńlá àti kékeré nílé mi, Òwe orí 11 ní òṣùwọ̀n èké ìríra ni lójú Olúwa. Kò sọ pé tí n kò bá ní in ọjà mi á tà ju ti gbogbo èèyàn lọ.

Ọdún kan wà tí ọmọ mi kẹta rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, owó tó yẹ ká san fún un kò sí, ọjà ò lọ rárá. Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí ọkọ mi wá bá mi, obìnrin rere ni, kò sí ibi nínú ẹ̀, ó ní "ìyàwó, gbogbo wọn ló ń ṣe é, lọ tún kóńgò rẹ ṣe fún ọdún yìí nìkan, tí ọmọ bá ti wọlé kó o padà sí tàtijọ́." Mi ò ṣe é. Ọmọ náà jókòó sílé lọ́dún yẹn, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, ó máa ń bá mi jókòó ní ìsọ̀, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti wọlé lẹ́yìn náà, àmọ́ ọdún yẹn ò padà wá, kò sì sẹ́ni tó wá fi nǹkan kan dí i fún mi. Mo sọ ọ́ kí arákùnrin tó kọ lẹ́tà yẹn lè mọ̀ pé mi ò jókòó sínú afẹ́fẹ́ tútù máa bá a sọ̀rọ̀ ebi. Mo mọ ebi. Tí wọ́n bá tún gbé ọdún yẹn padà fún mi lónìí, ohun tí mo ṣe náà ni màá ṣe, torí pé Ẹni tó ní kí n má ṣe é ni Olúwa mi, mi ò ní ìdí mìíràn.

Ohun tó ń dùn mí ju owó lọ ni ti ìkórè. Ẹni tí gbogbo ọjà mọ kóńgò ẹ̀ ni wọ́n á pè jáde lọ́jọ́ ìkórè, tí wọ́n á fún ní àga níwájú, tí pásítọ̀ á gbé ọwọ́ lé lórí pé kí Olúwa bù kún ọjà ẹ̀. Mi ò dárúkọ ìjọ kankan o, kò yọ ìjọ kankan sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń wò. Tẹ́ ẹ bá fi odidi ọdún wàásù òdodo, tẹ́ ẹ wá fi ọjọ́ kan yẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí láì bi í ní nǹkan kan, ọjọ́ kan yẹn ni wọ́n máa rántí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí mo mọ̀ látìgbà tó ṣì wà ní yunifásítì, tíṣà ìṣirò ni, ọmọ dáadáa. Ilé ìwé aládàáni kan nínú ìlú kan ní Èkìtì níbí ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìdánwò WAEC dé, wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí ṣáájú, wọ́n ní owó ìtọ́jú àwọn tó ń bọ̀ wá bójú tó ìdánwò ni. Iṣẹ́ tí wọ́n wá pín fún un ni kó jókòó sí yàrá kan lẹ́yìn, kó yanjú gbogbo ìbéèrè ìṣirò, kí wọ́n gbé e lọ dà kọ sórí pátákó fáwọn ọmọ. Ó ní òun ò ní lè ṣe é. Ẹni tó ni ilé ìwé pè é, ó bi í pé ṣé ó rò pé òun nìkan ni Kristẹni níbẹ̀ ni, torí pé àárọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà ní ilé ìwé yẹn, wọ́n á kọrin, wọ́n á ka Sáàmù. Ó dá a lóhùn pé Ẹ́kísódù orí 23 ní kí èèyàn má tọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́yìn láti ṣe ibi. Kí oṣù tó parí, wọ́n já ìwé lé e lọ́wọ́, owó oṣù ẹ̀ tó gbẹ̀yìn wọn ò san án. Ìyàwó ẹ̀ sì wà nínú oyún.

Mo lè gba èyí tí ilé ìwé ṣe, ayé náà ni. Èyí tí ìjọ ṣe ni mi ò lè gbà. Àwọn òbí kan nínú ìjọ ẹ̀, ọmọ wọn wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò yẹn, wọ́n bínú sí i gidi. Ẹnì kan sọ sí i lójú pé ó ti gba sátífíkéètì tiẹ̀ tán, ó wá ń dínà fún ọmọ ẹlòmíràn. Alàgbà kan ní kò bá ti fọgbọ́n ṣe é, kó ṣàìsàn lọ́jọ́ yẹn, tàbí kó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìdajì. Wọ́n wá pè é síwájú lọ́jọ́ kan, wọ́n gbàdúrà fún un. Ní báyìí ọ̀kadà ló ń gùn láàárín Adó sí Ìwòròkò, ó ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ohun tí òun gan-an lè kọ́ wọn. Ó máa ń ya ìsọ̀ mi wá ra gàárì. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé ó kábàámọ̀. Ó ní, "Rárá, Mọ́mì. Iṣẹ́ tó bọ́ ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó dùn mí ni pé nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà fún mi, wọ́n ní kí Ọlọ́run dárí jì mí, kó sì fún mi ní ọgbọ́n, bí ẹni tó jalè."

Ẹ gbọ́ bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́. Ó pa òfin Ọlọ́run mọ́, ìjọ Ọlọ́run sì bá a tọrọ àforíjì.

Ọ̀rọ̀ ìbò náà wà níbẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀ torí gbogbo Nàìjíríà ló ti gbọ́ ọ. Ọdún 2018 tá a dìbò gómìnà ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, ọ̀dọ̀ wa níbí ni "dìbò kó o sebẹ̀" ti di ohun tí ọmọdé ń fi kọrin, ní oṣù Kẹfà 2022 wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ owó níbi àpótí ìbò. Ìwé Ẹ́kísódù kan náà ní ẹ̀bùn a máa fọ́ ojú ẹni tó ríran. Mo mọ opó kan ládùúgbò wa tí kò gbà á, tó ní ìbò òun wà láàárín òun àti Ọlọ́run. Kò rí nǹkan gidi fi sebẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó gbà á nínú ìjọ ẹ̀ pọ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó kí òun.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Mi ò wá dájọ́ ẹni tí ebi tì tó ṣubú, Pétérù gan-an sẹ́ Jésù nítorí ìbẹ̀rù ọmọbìnrin kan, Jésù sì gbà á padà. Àmọ́ Pétérù jáde lọ, ó sunkún kíkorò, kò pe ohun tó ṣe ní ọgbọ́n, kò kọ́ ẹlòmíràn pé báyìí ni kí wọ́n máa ṣe é. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ṣubú tó mọ̀ pé òun ṣubú, ọ̀nà ṣì wà fún un. Ẹni tá a bá ti sọ fún pé ìṣubú ni ìmọ̀ràn, kí ló máa mú un dìde?

Ọ̀kan tún kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n má baà fi lẹ́tà mi ṣe ohun tí mi ò rán wọn. Kì í ṣe gbogbo ìyà ni ìyà ìgbọ́ràn. Ẹni tó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tó ń rí ọ̀gá fín, tí wọ́n wá lé, kó má sọ pé inúnibíni ni, Pétérù Kìíní orí 2 béèrè pé ògo kí ló wà níbẹ̀ téèyàn bá ṣẹ̀ tí wọ́n sì lù ú. Ẹni tó bá sì fẹ́ san nǹkan nítorí òfin Ọlọ́run, kó jẹ́ òun ló máa san án jù, kó má gbé gbogbo ẹ̀ ka ìyàwó àtọmọ lórí láì bá wọn sọ ọ́. Tíṣà tí mo wí yẹn, òun àti ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n jọ jókòó sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, ìyàwó ló sọ fún un pé kó má ṣe é. Orúkọ obìnrin yẹn ló yẹ kí wọ́n dá nínú ìjọ.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run tẹ́ ẹ bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo fi orúnkún mi méjèèjì bẹ̀ yín. Ẹ fún àwọn èèyàn wọ̀nyí láyè láti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dìde ní Sọ́ńdè kan sọ pé, "Mo kọ̀ ọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò tíì rí òmíràn, mo ṣì ń sin Olúwa," kí ìjọ sì pariwo halelúyà fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe fẹ́ni tó ra mọ́tò. Ẹ má sọ fún un pé ọjọ́ méje ló kù, ẹ ò mọ̀. Ẹ sì la àpò. Gálátíà orí 6 ní ká máa ru ẹrù ara wa, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 4 wọ́n ń ta ilẹ̀ àti ilé, wọ́n ń gbé owó ẹ̀ wá síbi ẹsẹ̀ àwọn àpọ́sítélì, wọ́n ń pín in bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ṣe aláìní sí. Ẹnikẹ́ni kò ṣaláìní láàárín wọn. Nínú owó ìkórè tá à ń kó jọ lọ́dọọdún ní Èkìtì yìí, a lè yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tí òdodo bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó fi jẹun títí á fi rí òmíràn. Kíkọ́ ilé ìjọsìn lè dúró fún oṣù díẹ̀, ebi ọmọ kì í dúró. Tí ìjọ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, arákùnrin tó kọ lẹ́tà yẹn ò ní lè sọ mọ́ pé ebi ló máa pa Kristẹni olódodo, torí á mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá lé nítorí òótọ́, ilé wà tó lè sá wọ̀. Ní báyìí tí kò sí ilé yẹn, mi ò lè sọ pé irọ́ ló ń pa.

Ẹ̀yin Kristẹni tẹ́ ẹ ní iléeṣẹ́, tẹ́ ẹ ní ilé ìwé, tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹ ò rí olóòótọ́ èèyàn gbà síṣẹ́ mọ́. Wọ́n wà. Ẹ lọ béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn tó lé wọn. Tíṣà ìṣirò tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí ṣì ní sátífíkéètì ẹ̀ nílé, ó mọ iṣẹ́, àwọn ọmọ tó kọ́ fẹ́ràn ẹ̀, ó sì ti fi hàn yín tán ohun tó máa ṣe tí owó yín bá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ilé ìwé èyíkéyìí láti Ìkéré dé Ìkọ̀lé, láti Ìjerò dé Òmùò, tó bá ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó béèrè nọ́ńbà mi lọ́wọ́ olóòtú. Màá mú un wá fúnra mi.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Elẹ́wà,
Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì.